Àgbà Ọmọ Iṣẹ́ Ràímì Alágbàfọ̀

Nídìí iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní Ìgándò, a kì í fi irùngbọ̀n mọ àgbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ọ̀gá ni ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ni àbúrò, ì báà jẹ́ pé àbúrò yìí ti níyàwó, ó ti bímọ. Bí a bá tẹ̀ lé òfin yìí, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ga ju Qasim lọ ní ṣọ́ọ̀bù Ràímì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọn kò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá. Ọ̀dà ti dé, ọ̀dà ti bẹ́, kòtò ti gba ojú ọ̀nà rẹ̀ padà, ìyá ti di ará ọ̀run, Qasim sì wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni.

Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ni. Wọ́n bí i pẹ̀lú ọpọlọ tí kì í sáré. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀, tó bá sì dé, á tún dúró díẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun kanlẹ̀kùn. Àwọn kan ládùúgbò ń pè é ní dìndìnrìn. Àwọn tó gbà pé aláàánú làwọn ń pè é ní ọmọ Ọlọ́run, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé àga ni. Èwo ló sàn nínú méjèèjì? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó wá sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí Qasim bá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé agbádá tó ti mu sítáàṣì, agbádá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Ó kàn máa ń pẹ́ ni. Kó tó parí ẹyọ kan, àwọn yòókù á ti parí tiwọn, wọ́n á ti máa mu gàrí.

Yàrá ẹ̀yìn ni ọ̀gá fi í sí. Àwọn tábìlì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù tó yọ síta, níbi tí ẹni tó ń kọjá ti ń kí àwọn tó ń lọ aṣọ, tí àwọn náà ń dáhùn, tí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ń lọ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Qasim ti lọ aṣọ níbẹ̀ rí. Oníbàárà obìnrin kan ló ní ojú tí ọkùnrin yìí fi ń wo òun kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ojú wo? Ojú tó fi ń wo gbogbo nǹkan náà ni, ojú tó ń pẹ́. Ràímì kò bá obìnrin náà jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì Qasim wọnú ilé fún ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà sì ti kó kúrò ní Ìgándò tipẹ́tipẹ́, tábìlì kò jáde mọ́.

Bí Qasim bá na ọwọ́ méjèèjì nínú yàrá náà, ìka rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ara fẹ́ǹsì aládùúgbò ni fèrèsé náà sì kọjú sí. Tí èédú bá ti ràn dáadáa, ooru á jókòó sínú yàrá bí onílé. Etí nìkan ni Qasim fi ń jáde. Ó ń gbọ́ àwọn tó ń pe èrò sí Ìkòtún, ó ń gbọ́ obìnrin oníbúrẹ́dì, ó ń gbọ́ ìpè ìrun. Nígbàkúgbà tí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá bá sì kí àwọn tó wà níwájú pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," Qasim á dá áyọ́ọ̀nù dúró, á dáhùn nínú yàrá ẹ̀yìn pé, "Ẹ ṣé o." Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ.

Àdíját, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń mú un wá láàárọ̀ láti ilé wọn ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, òun náà ló ń wá mú un nírọ̀lẹ́. Kì í di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú. Ọrùn ọwọ́ ló máa ń gbá mú, gírígírí, bí wọ́n ṣe ń mú olè lọ sí téṣàn ọlọ́pàá, tí yóò sì máa fà á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ó nídìí. Ní kété lẹ́yìn ikú ìyá wọn, Qasim dá jáde lọ́jọ́ kan, ó rìn títí ó fi dé ọjà Ìkòtún. Ọmọdé kan tó sọnù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ di aṣọ rẹ̀ mú, Qasim sì dúró tì í kó má bàa dá wà. Wọ́n bi í pé ọmọ ta nìyí. Ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó dé. Kó tó dé, ẹnìkan ti pariwo gbọ́mọgbọ́mọ. Wọ́n lù ú, wọ́n ti ń wá táyà kiri kí obìnrin kan tó mọ ìyá rẹ̀ tó ya wọ àárín wọn, tó fi ara bò ó. Eyín iwájú méjì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Àdíját ti ra àgádágodo ńlá sí ẹnu géètì, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgádágodo kì í ti ẹnìkan ṣoṣo mọ́lé. Tíṣà kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Raheem, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó fẹ́ fẹ́ Àdíját. Àdíját ní ta ni kóun fi Qasim sílẹ̀ fún. Raheem ní kó mú un dání, àyè wà nílé òun. Àdíját ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ ọ́n, tó bá ṣìnà níbẹ̀ wọ́n á pa á. Ọkùnrin náà kò yéé pe fóònù. Tó bá pè, Àdíját á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sọ̀rọ̀, tó bá wọlé padà, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, á ní àlùbọ́sà ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀bà àárọ̀ tó ṣẹ́kù ni wọ́n fẹ́ jẹ. Qasim máa ń wo kọ́kọ́rọ́ tó ń mì ní àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á tún wo àlùbọ́sà tí kò sí níbẹ̀.

Ó wá ku ohun tó fa ọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwọn alágbàfọ̀ àdúgbò yẹn, ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ parí kì í kàn di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Wọ́n á ṣe ọjọ́ ìyọ̀ǹda fún un. Ọmọ náà á kúnlẹ̀. Àgbà ọmọ iṣẹ́, ìyẹn ẹni tó pẹ́ jù nílé ọ̀gá, á gbé áyọ́ọ̀nù tó gbóná dání, á wí pé, "Mo ṣáájú rẹ wọlé, ìwọ ṣáájú mi jáde, mo yọ̀ǹda rẹ." Yóò gbé e fún ọ̀gá, ọ̀gá á gbé e fún ọmọ náà, wọ́n á ṣàdúà, wọ́n á da páúdà sí i lórí, ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá. Bí ìgbà tí àbúrò bá fẹ́ rè ilé ọkọ ṣáájú ẹ̀gbọ́n ni: àfi kí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Láwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù, ọ̀rọ̀ yìí kì í le, torí ẹni tó ń yọ̀ǹda lónìí, wọ́n á yọ̀ǹda òun náà lọ́la.

Ní ti Ràímì, Qasim nìkan ló ń yọ̀ǹda ènìyàn láti ọjọ́ tó ti di àgbà. Wọ́n fi kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí, ó sì máa ń sọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú ohùn ìlù, láìjẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣubú. Jàlámíà funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ fún un. Àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á máa wí pé, "Ẹ wò ó, ó mọ̀ ọ́n sọ o." Lẹ́yìn náà wọ́n á bu oúnjẹ fún un, á gbé e lọ jẹ ní yàrá ẹ̀yìn. Olúwagbénga tó ti ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìpájà báyìí, Qasim ló yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Qasim náà ni. Kò sì sẹ́ni tó dúró gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí, títí kan ọ̀gá fúnra rẹ̀. Orin ni wọ́n kà á sí.

Qasim dúró gbọ́ ọ. Ó gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti yé Qasim kì í tún sá fún un mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ̀ǹda Abdulganiyy ló yé e. Ọmọkùnrin kan ará Ìjẹ̀gùn ni Abdulganiyy, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, Qasim ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po sítáàṣì tí kò fi ní díkókó. Ó yọjú sí yàrá ẹ̀yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn.

"Bọ̀dá Qasim, Sọ́ńdè yìí lẹ máa yọ̀ǹda mi o. Ẹ ṣá máa rántí mi ládùúà."

"N ó rántí," ni Qasim wí.

"Tí mo bá ti ṣí tèmi, n ó máa wá kí yín níbí. Mi ò ní gbàgbé yín láéláé."

Qasim gbé áyọ́ọ̀nù sórí ìdí rẹ̀. "Níbí?"

"Níbí náà ni. Níbo lẹ tún fẹ́ wà?"

Abdulganiyy kò ní ibi kankan nínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ síwájú. Qasim wá wo yàrá náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́: ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, fèrèsé tó kọjú sí fẹ́ǹsì, ìṣó tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé. Ó wo gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó jọ ti ọjọ́ Ìkòtún, àfi pé kò sẹ́ni tó ń lù ú.

Nírọ̀lẹ́ ó lọ bá ọ̀gá. Ràímì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń bọ́ Qasim lọ́sàn-án, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u níṣojú òun, tọ́dún bá dé á rán aṣọ fún un. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn: ènìyàn burúkú là á bá jà.

"Ọ̀gá, èmi ńkọ́?" ni Qasim wí. "Ta ló máa yọ̀ǹda mi?"

Ràímì rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. "Ta ló ṣáájú rẹ wọlé nínú àwọn tó wà níbí? Ó dà? Ìwọ ni àgbà pátápátá. Àgbà kì í lọ, òun ló ń dúró tilé. Lọ sinmi jàre."

Nílé, lẹ́yìn oúnjẹ, Qasim gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ bá Àdíját.

"Kí lo fẹ́ fi òmìnira ṣe?" ni Àdíját bi í. "Ṣé wọ́n ń nà ọ́ níbẹ̀ ni?"

"Wọn ò nà mí."

"Àbí ebi ń pa ọ́?"

"Ebi ò pa mí."

"Ó ti parí nìyẹn." Ó lọ ti géètì, ó sì fa àgádágodo náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó ti wọlé dáadáa.

Sọ́ńdè dé. Wọ́n to bẹ́ńṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ta tapólì lé oòrùn lójú. Àwọn òbí Abdulganiyy gun ọ̀kadà wá, eruku ọ̀nà Ìjẹ̀gùn bò wọ́n dé orúnkún. Alhaja Sìkírátù, ìyá ẹgbẹ́ àwọn alágbàfọ̀, dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dì í lọ́wọ́ mú sọdá títì, nítorí ojú ìyá àgbà náà kò ríran jìnnà mọ́. Olúwagbénga ti Ìpájà wá. Àdíját jókòó sẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ híjáàbù, ó ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀.

Wọ́n pe Qasim jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Jàlámíà rẹ̀ funfun, òun ló lọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù tó kún fún èédú pípọ́n dání. Oòrùn kọlù ú lójú, ó dúró kí ojú rẹ̀ tó là. Bó ṣe dúró níbẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé pákó lérí ń kọjá lọ ní tirẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù ló rí, ló bá kí i:

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o," ni Qasim wí.

Ọkùnrin náà gbọ́. Ó gbé ọwọ́ kan kúrò lára pákó, ó juwọ́ sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Qasim tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Abdulganiyy ti kúnlẹ̀. Ràímì na ọwọ́ méjèèjì láti gba áyọ́ọ̀nù. Gbogbo fóònù ti gòkè.

"Mo ṣáájú rẹ wọlé," ni Qasim wí. Ó dúró.

Ràímì rọra fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Ìwọ ṣáájú mi jáde."

"Rárá," ni Qasim wí.

Àwọn èrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó gbàgbé ni. Ràímì tún ọ̀rọ̀ náà sọ sí i létí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ábídí. Qasim tún ní rárá. Ẹ̀rín tán. Ìyá Abdulganiyy dìde, ó ń bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló fi ṣe bọ̀dá, ṣé ó rí i fín ni. Abdulganiyy ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, eékún ti ń ro ó. Ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gba áyọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọwọ́ gba iná lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀? Irin náà wúwo lọ́wọ́ Qasim. Kò gbé e sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Olúwagbénga ṣe é," ni Ràímì wí. Òógùn ti bò ó. "Ilé yìí náà ló ti kọ́ṣẹ́. Kò sí wàhálà."

"Olúwagbénga ti jáde," ni Alhaja Sìkírátù wí láti orí àga rẹ̀. "Ẹni tó wà nínú ilé ló ń ṣílẹ̀kùn. Tí àgbà kò bá yọ̀ǹda, ọmọ iṣẹ́ kì í jáde, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Alhaja, ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí rẹ̀ kò..." Ràímì kò parí rẹ̀.

"Kò kí ni? Nígbà tó ń wí pé òun yọ̀ǹda, orí rẹ̀ pé, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tó ní rárá ni orí rẹ̀ ò pé mọ́?"

Ìyá àgbà náà yíjú sí ibi tí ó ti rí funfun jàlámíà. "Qasim, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí lo fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó dé. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn dúró dè é, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe.

"Èmi náà," ni Qasim wí. "Kí n jáde."

"Jáde lọ síbo?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn tábìlì abẹ́ páànù. "Ibẹ̀ yẹn. Kí wọ́n máa kí mi. Kí n máa dá lọ sílé."

Ràímì wo ilẹ̀. Ó lè jẹ́ pé tábìlì tó ní kí wọ́n gbé wọlé fún ọjọ́ díẹ̀ ló ń rò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "N ò ní kó má jáde síwájú. Ṣùgbọ́n ta ló máa yọ̀ǹda rẹ̀? Kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀ wọlé mọ́."

"Ta ló fà á lé ọ lọ́wọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá ti kú."

"Ta ló dúró nípò ìyá?"

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Àdíját ti dìde kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Ó gba àárín bẹ́ńṣì wá, ó dé ọ̀dọ̀ Qasim, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo mú bó ṣe máa ń ṣe. "Gbé irin yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ó yá, a ń lọ sílé."

Qasim kò yẹsẹ̀. Àdíját fà á. Kò yẹsẹ̀. Èédú ń pọ́n láàárín àwọn méjèèjì, ooru rẹ̀ ń lu Àdíját lójú, kò sì jẹ́ fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìkòtún," ló wí fún gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ ti ń já. "Èmi ni mo nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo ń jókòó tì í tó bá ń ké lójú oorun. Ẹ̀yin á pàtẹ́wọ́, ẹ ó máa lọ. Tí wọ́n bá tún nà án ńkọ́? Tí ọ̀rọ̀ bá tún pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ta ni mo fẹ́ fi í sí? Mo ṣèlérí fún ìyá mi lórí ibùsùn ikú rẹ̀ pé n ò ní jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ mi."

Otítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ Àdíját, ohun tó mú un le nìyẹn. Àwọn tó ń ya fọ́tò ti rẹ fóònù sílẹ̀. Ojú ń ti àwọn mìíràn, nítorí wọ́n ti ń rí Àdíját tó ń fa ọkùnrin náà kọjá láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í rí bóyá kóun bá a mú un délé lọ́jọ́ kan.

"Àdíját, gbọ́ mi," ni Alhaja Sìkírátù wí. "Kò sẹ́ni tó ní kó dá wà. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọmọ-ọmọ mi ló ń dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń sọ ìgbà tó máa dì mí mú, èmi náà ni mo ń sọ ìgbà tó máa fi mí sílẹ̀. Tó bá gbá mi mú bí o ṣe gbá ọmọ yìí mú, n ó gbá a létí ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Olúwagbénga kó tó mọ̀. Ó gbé e mì. Ó wá wí pé láràárọ̀ lòun ń gba Ìṣẹ̀rí-Olófin kọjá wá gbé èédú, òun á máa yà kí Qasim, tí Qasim bá fẹ́ kí àwọn jọ rìn, àwọn á jọ rìn. Ràímì ní òun mọ gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà láti ibí dé ilé wọn, láti orí onísìmẹ́ńtì dé orí oníbúrẹ́dì, òun á bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó yẹ kóun ti ṣe é tipẹ́.

Àdíját ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún ṣí i. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ yá tó ti gbogbo ọjà, ọ̀rọ̀ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò kanlẹ̀kùn.

Qasim wò ó. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti ń ṣe òun náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Àǹtí mi," ló wí, "kò le. Ẹ máa tẹ̀ lé mi. Mo ṣáájú rẹ wọlé."

"Mo ṣáájú rẹ wọlé," ni Àdíját wí.

"Ìwọ ṣáájú mi jáde."

Ó pẹ́ gan-an. Ọmọ kan sunkún níbì kan, wọ́n rẹ̀ ẹ́. "Ìwọ ṣáájú mi jáde," ni Àdíját wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo yọ̀ǹda rẹ."

"Mo yọ̀ǹda rẹ."

"Ẹnu ti sọ ọ́," ni Alhaja Sìkírátù wí. "Ọwọ́ ńkọ́?"

Àdíját wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó jọ pé ó rẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni. Ó ká ìka àkọ́kọ́ kúrò, ó ká ìkejì, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àmì ìka náà wà lára Qasim, funfun kó tó pọ́n. Qasim gbé áyọ́ọ̀nù fún ọ̀gá, ọ̀gá gbé e padà fún un, ó gbà á. Wọ́n da páúdà sí i lórí. Ó sín. Lẹ́yìn náà ló tún kọjú sí Abdulganiyy tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé eékún ro ó.

Nígbà tí wọ́n ń kó bẹ́ńṣì, Olúwagbénga àti Abdulganiyy gbé tábìlì Qasim jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti jẹrà, wọ́n fi bíríkì tì í. Fóònù dún nínú báàgì Àdíját. Ó yọ ọ́, ó wo orúkọ Raheem lójú rẹ̀, ó sì ń yí ojú kiri bó ṣe máa ń wá ẹ̀yìnkùlé nílé. Kò sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, títì nìkan ni. Fóònù náà dákẹ́.

Oòrùn ti rọ̀. Àdíját bọ́ síwájú Qasim, ó na ọwọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ti mọ́ ọn lára, ó rántí, ó dúró.

Qasim rí i. Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Mo ṣáájú rẹ wọlé" kò ní bá a mu, torí Àdíját ló ṣáájú rẹ̀ wọlé ìyá wọn, Àdíját náà ló sì ṣẹ́kù sínú ilé. Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lósì, ó mú ibi tó wúlò níbẹ̀.

"Àǹtí mi," ló wí, páúdà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, "mo yọ̀ǹda yín."

Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń pẹ́, ó ń kí oníbúrẹ́dì, ó ń kí onísìmẹ́ńtì. Àdíját dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó nà síta, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.